Bí A Ṣe Ń Fi Gẹ̀ẹ́sì Jẹ Oúnjẹ Aṣaralóore n'Íbàdàn

Ohun méjì lo fẹ́: kí ara rẹ le, kí Gẹ̀ẹ́sì sì máa yọ̀ lẹ́nu rẹ bí ọbẹ̀ ilá. Èrò gidi nìyẹn. Kò sídìí tí wàá fi sanwó olùkọ́ lọ́tọ̀, kí o tún sanwó oúnjẹ lọ́tọ̀, nígbà tí tábìlì kan lè ṣe méjèèjì. Mú bírò. Tẹ̀ lé mi.

Ìgbésẹ̀ kìíní. Gba orúkọ Yorùbá kúrò lára oúnjẹ rẹ. Oúnjẹ tí kò lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì, ibo ni fítámì fẹ́ gbà wọ inú rẹ̀? Wo ewédú. Ewé tútù ni, ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ja á, àwọn ará Íjíbítì pàápàá ń jẹ ẹ́. Gbẹ̀gìrì ńkọ́? Ẹ̀wà tí wọ́n bó ni, tí wọ́n sè títí ó fi yọ́. Bí wọ́n ṣe wà yìí, wọn ò lè ṣe ọ́ lóore kankan. Dúró dìgbà tí o bá bá wọn pàdé nínú mẹ́nù kan ní Ring Road, tí wọ́n ń jẹ́ jute leaf àti bean purée, tí owó wọn sì ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni kí o jẹ wọ́n.

Bí o bá ń gbé Agbowó, ṣọ́ra. Géètì Fásitì Ìbàdàn ló kọjú sí ọ yẹn, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa oúnjẹ àti ohun tó ń ṣe lára. Má yà síbẹ̀. Ẹnìkan lè sọ fún ọ pé kí o máa jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì. Ra òróró. Má lọ sọ́jà Bódìjà, nítorí òróró tí wọ́n ń wọ̀n sínú ìgò níbẹ̀ kò ní ìwé lára tí o lè kà. Lọ sí ilé ìtajà ńlá, kí o wá èyí tí wọ́n kọ "No Cholesterol" sí. Wọn ò purọ́: inú ẹran, ẹyin àti wàrà ni cholesterol ń gbé, kò bá òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà tan. Àfi bí ìgbà tí alápatà bá kọ ọ́ sára itan màlúù pé "kò níyẹ̀ẹ́". Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà fowó lé e. Bí o bá délé, din dòdò. Má fi ṣíbí wọn nǹkan kan. Kí dòdò máa lúwẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta. Jáde lọ jẹun. Ní Ring Road tàbí Challenge, yan ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù wọn á ti máa mú ọ gbọ̀n. Bí o bá rí ẹnikẹ́ni tó ń fọwọ́ jẹun níbẹ̀, pẹ̀yìn dà. Ṣí mẹ́nù, kà á sókè. Má béèrè ohun tí nǹkan kan jẹ́. Èyí tó bá lè ju gbogbo wọn lọ láti pè ló ń ṣara lóore jù. Na ìka sí i.

Sàláàdì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, ẹyin sísè àti ẹ̀wà inú agolo wá. Mú ìgò salad cream, yí i dojú dé, gbá a nídìí. Tún gbá a. Má dáwọ́ dúró títí tí o kò fi ní rí kábéèjì mọ́. Ewé lo ń jẹ, ewé kì í múni sanra; bi ewúrẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n fi adìẹ díndín kún un, kí ewé má baà dá nìkan wà.

Fi ẹlẹ́rìndòdò gbé e wálẹ̀. Ka ara ìgò náà, torí ìwé kíkà wà lára ẹ̀kọ́ wa. Bí ó bá ní gíráàmù ṣúgà 10 ló wà nínú mílílítà 100, gíráàmù 50 ló wà nínú ìgò 50cl. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má ṣe kọjá nǹkan bí iye yẹn lójúmọ́. O gbà á pé pérépéré! Wàyí o, ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba náírà 10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn, kí àwọn èèyàn lè dín in kù. Pe ìgò kejì, kí lítà pé. Ti àkọ́kọ́ wà fún oúnjẹ, ti ìkejì wà fún ìjọba.

Ìgbésẹ̀ kẹrin. Oúnjẹ ṣẹ́kù. Má sọ pé "ẹ bá mi di èyí tó kù". Ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ ti kọ́ ọ pé doggy bag ni wọ́n ń pè é. Béèrè fún un. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ á wò ọ́ díẹ̀.

"Ajá lẹ fẹ́ gbé e lọ fún, sà?"

Dáhùn pé, "Yes, please." Má ṣàlàyé, ẹni tó bá ń ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀. Á gbé abọ́ rẹ wọ inú ilé ìdáná, á sì gbé ọ̀rá dúdú kan jáde tó wúwo ju bí o ṣe rò lọ. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí o bá délé, tú u wò: eegun adìẹ rẹ, eegun adìẹ tábìlì mẹ́ta mìíràn, pẹ̀lú orí ẹja kan. Ọmọ dáadáa ni, ó ṣàánú ajá rẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún. Alẹ́ ti lẹ́, ebi ń pa ọ́. Dé fìlà bojú, wọ ọkọ̀ lọ sí Bódìjà. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́: Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ náà. Ṣebí ilé oúnjẹ Àmàlà Skye nìyẹn, tó ń jẹ́ orúkọ báńkì. Ní 2018 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ báńkì yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àmàlà kò gbọ́, ó ṣì ń rọ́nà ọ̀fun lọ. Bí ojúlùmọ̀ bá pọ̀ jù níbẹ̀, wá búkà kékeré kan.

Tò. Ẹni tó wà níwájú rẹ á sọ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: "Ìyá, mẹ́ta, àbùlà, ṣàkì méjì, pọ̀nmọ́ kan." Kó tó pa ẹnu dé, abọ́ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Na ọrùn, kí o sọ pé, "Good evening, Ma. Do you have something light?"

Ìyá olóúnjẹ á gbójú sókè, ìgbakọ lọ́wọ́.

"Láìtì kẹ̀? Iná ò tíì dé látàárọ̀, bùọ̀dá. Jẹnẹrétọ̀ la tàn yìí. Mélòó ni kí n bù?"

Fi ìka mẹ́rin hàn án. Tọ́ka sí ewédú. Tọ́ka sí gbẹ̀gìrì. Gbé abọ́ rẹ, kí o lọ jókòó sí igun tí iná jẹnẹrétọ̀ kò dé.