Ọ̀gá Òǹwòran

Agbègbè Azabu tàbí Hiroo ní Tokyo ni ẹ ó ti bá a. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ló gba ilé fún un, iléeṣẹ́ ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, akọ̀wé iléeṣẹ́ ló sì ń bá a kọ fọ́ọ̀mù nígbà tí ìwé bá dé láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Òyìnbó ni, ará Amẹ́ríkà, ará Ìlú Ọba tàbí ará Australia; èyíkéyìí tó bá jẹ́, ìwà kan náà ni. Ọdún mẹ́ta ló ní òun ó lò, ó ti di mẹ́wàá. Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ má wá a délé, ó ti lọ wòran. Bí kò bá sí ní Ryogoku níbi tí wọ́n ti ń ja sumo, ó wà ní pápá Jingu níbi tí wọ́n ti ń gbá baseball. Bí kò bá sí ní méjèèjì, ó wà nínú ọkọ̀ ojú irin, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń retí kí òkè Fuji yọ lójú fèrèsé. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn ṣe fàájì. Ohun tó burú ni pé ọkùnrin yìí kì í wòran kó dákẹ́. Gbogbo ìran tó bá wò ló gbọ́dọ̀ di ìwáásù, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ní: irú ẹni tí àwọn ará Japan jẹ́ nínú ọkàn wọn lọ́hùn-ún, àti ìdí tí àjèjì kankan kò fi lè wọlé tọ̀ wọ́n láéláé. Ẹjọ́ tí mo bá a rò kò ju ẹyọ kan lọ: ìran tó ń wò gan-an ló ń pè é lópùrọ́.

Ibi sumo ni ìwáásù náà ti máa ń gùn jù. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdíje ńlá, ọjọ́ 15 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti oṣù kìíní, ti oṣù karùn-ún àti ti oṣù kẹsàn-án ló ń wáyé ní Kokugikan, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní Ryogoku ní 1985. Láti àárọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì lórúkọ ti ń jà níwájú ìjókòó òfìfo. Ọ̀gá òǹwòran kì í rí wọn. Ó di bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ìlúmọ̀ọ́ká bá fẹ́ wọlé, kí òun àti àlejò tó ti ilé wá kí i tó dé, pẹ̀lú bíà lọ́wọ́ àti ẹran adìẹ tí wọ́n fi igi gún sun. Wọn kò tíì jókòó tán sórí tìmùtìmù tí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé iyọ̀ tí wọ́n ń fọ́n: ìwẹ̀nùmọ́ ni. Ó ṣàlàyé ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé sókè tí wọ́n fi ń janlẹ̀: ẹ̀mí burúkú ni wọ́n ń lé. Ó ṣàlàyé òrùlé tó rọ̀ sókè òkìtì amọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí: òrùlé ojúbọ Shinto ni. Àlàyé wọ̀nyí kì í ṣe irọ́. Inú ìwé pélébé elédè Gẹ̀ẹ́sì ló ti kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó ń gbé wọn lọ. Bí yokozuna, ẹni tó wà ní ipò tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀ nínú sumo, bá ṣubú lọ́wọ́ ẹni tí kò tó o, tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ju tìmùtìmù sáfẹ́fẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn, ojú ọ̀gá á mọ́lẹ̀: ẹ rí i, ó ní, wọ́n ti dì í sínú títí, ó ti bú jáde wàyí. Bí wọn kò bá sì jù ú, ó ní ẹ rí i, wọ́n ń dì í sínú. Kò sí bí ìjà ṣe lè parí tí kò ní fi hàn pé òun ló mọ̀ wọ́n. Bíà kejì ló máa ń mú un dé ìparí ìwáásù, nígbà tó bá mí kanlẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá lòun ti lò láàárín wọn, wọn kò gba òun mọ́ra, èdè wọn sì kọjá ohun tí ahọ́n àjèjì lè gbé.

Ẹ wá wo ẹni tó wà lórí òkìtì bó ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Ní 1993, ará Hawaii kan, Chad Rowan, tí orúkọ ìjàkadì rẹ̀ ń jẹ́ Akebono, di yokozuna. Òun ni àjèjì àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Musashimaru tẹ̀ lé e ní 1999. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Mòngólíà ya dé: Asashoryu ní 2003, Hakuho ní 2007, Harumafuji ní 2012, Kakuryu ní 2014. Láti ìgbà tí Takanohana tó jẹ́ ọmọ Japan ti fẹ̀yìn tì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003, ọdún 14 gbáko ni Japan fi wà láìní yokozuna tí wọ́n bí sílẹ̀ wọn, títí Kisenosato fi gun orí ipò náà ní 2017. Hakuho ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó dé ní 2000, ó tín-ín-rín débi pé kò sí ilé oníjàkadì tó fẹ́ gbà á, díẹ̀ ló kù kó padà sílé. Nígbà tí ilé kan wá gbà á tán, ó ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ó jìyà, ó sì gbédè. Kó tó kúrò nídìí ìjà ní 2021 ó ti gba ife-ẹ̀yẹ 45, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí, èdè Japan ló sì fi ń dá àwọn oníròyìn lóhùn. Ọ̀gá òǹwòran mọ iye ife-ẹ̀yẹ yẹn lórí. Nígbà yẹn, ó ń wo ọmọ Mòngólíà náà níbi tó ti ń fèsì ọ̀rọ̀, òun kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ó wá yíjú sí àlejò rẹ̀ láti sọ fún un pé àjèjì kò lè gbọ́ èdè yìí. Owó ló san láti wo ẹ̀rí tó dá a lẹ́bi.

Àwọn alágbàwí rẹ̀ á ní ọmọdé làwọn oníjàkadì yẹn nígbà tí wọ́n dé, pé nínú ilé tí kò sẹ́ni tó gbọ́ Mòngólíà, ebi nìkan ti tó olùkọ́ èdè. Mo gbà. Àmọ́ ta ló ní kí ọ̀gá wa máa sọ̀rọ̀ bíi yokozuna? Bobby Ologun, ọmọ Yorùbá tí Japan mọ̀ bí ẹní mowó lórí tẹlifíṣọ̀n, àṣìsọ gan-an ló fi lókìkí. Ó ń da ọ̀rọ̀ rú, ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, owó ń wọlé. Nígbà tó sì di 31 oṣù kejìlá 2004, ó bọ́ sójú ìjà nínú ìdíje ìjà tí wọ́n ń pè ní K-1, ó na Cyril Abidi tó fi ìjà ṣiṣẹ́ ṣe. Nígbà tó yá, ó gba ìwé ọmọ ìlú. Èdè tí kò gún ti tó o wọlé. Kì í ṣe líle èdè ló ń dẹ́rù ba ọ̀gá òǹwòran, àṣìsọ ni. Ẹ̀rù ń bà á kí ọmọbìnrin tó gbé àgbá bíà sẹ́yìn tó ń tà á ní pápá baseball má lọ rẹ́rìn-ín sí òun, òun tí gbogbo ọ́fíìsì ń tẹrí ba fún. Ẹ̀rí tó korò jù sì wà nínú ilé ìdáná. Láti oṣù kẹrin 2019 ni ìjọba Japan ti ní físà kan fún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ, lóko àti nílé ìtọ́jú arúgbó. Bí ọmọ Vietnam tàbí ọmọ Nepal kò bá tíì kọ́ṣẹ́ ní Japan tẹ́lẹ̀, àfi kó yege nínú ìdánwò èdè kó tó rí i gbà. Físà tí ọ̀gá wa fi wọlé kò bi í ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ẹni tó fọ àwo tó fi jẹun lẹ́yìn eré lè ti yege nínú èdè tí òun tó jẹun ní a kò dá mọ́ àjèjì.

Nídìí baseball, ìwáásù náà kò yí padà, aṣọ nìkan ló pààrọ̀. Bí Yakult Swallows bá gbáyọ ní Jingu, èrò á ṣí agbòjò kéékèèké, wọ́n á máa jó. Ọ̀gá wa ní agbòjò tirẹ̀, kò lórin. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ló ní orin tirẹ̀, orin kan kì í ju ìlà bíi mélòó kan lọ, ọdún mẹ́wàá kò sì tó láti há ọ̀kan sórí. Ohun tó rí sọ ni pé wọ́n ń ṣe bí ẹ̀rọ, pé kò sí ẹni tó dá dúró láàárín wọn, pé ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gba àjèjì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ń kọrin fún àjèjì tó bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Ní 1985, nígbà tí Hanshin Tigers borí, àwọn olólùfẹ́ wọn ní Osaka ń pe orúkọ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá jọ ọ́ á sì bẹ́ sínú odò Dotonbori. Ó kan Randy Bass, òyìnbó Amẹ́ríkà onírùngbọ̀n, kò sí ẹni tó jọ ọ́. Wọ́n gbé ère Colonel Sanders níwájú ilé adìẹ díndín, wọ́n jù ú sódò dípò rẹ̀. 2009 ni wọ́n tó rí i yọ. Ẹni tó bá ní àwọn èèyàn yìí kò lè fẹ́ràn àjèjì, kó lọ bi ère yẹn.

Ti ìrìn àjò ńkọ́? Ó ní òun ti rin Japan já. Nígbà tí wọ́n ṣí èbúté Yokohama fún òyìnbó ní 1859, àdéhùn kò jẹ́ kí wọ́n rìn kọjá bíi kìlómítà 40 láìgba ìwé àṣẹ. Ìlú Kamakura wà nínú ààlà yẹn. Ẹni tó bá gbàwé a lọ wo ojúbọ Nikko, tàbí kó lọ wẹ omi gbígbóná ní Hakone, níbi tí hòtẹ́ẹ̀lì Fujiya ti ń dúró dè wọ́n láti 1878. Ní 1899 òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́fà ọdún, ọ̀gá wa ṣì ń pa á mọ́: Kamakura, Nikko, Hakone, ó dé òpin, ó tún pẹ̀yìn dà. Àwọn òyìnbó Yokohama ìgbà yẹn náà fẹ́ràn eré, láàárín ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ̀ láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ichiko ní Tokyo gbá baseball, wọ́n ní kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn. Nígbà tí wọ́n wá gbà ní oṣù karùn-ún 1896, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi 29 sí 4 nà wọ́n. Bóyá ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ wọn ti pinnu pé ìjókòó òǹwòran ló dára jù.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, mi ò sì ní fi bò. Japan ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìdájọ́ gbé jáde ní 2017 fi hàn pé nínú àwọn àjèjì tó wá ilé gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá tí wọ́n kọ̀ fún torí pé wọ́n jẹ́ àjèjì. Hakuho gan-an, pẹ̀lú gbogbo ife-ẹ̀yẹ rẹ̀, àfi ìgbà tó gba ìwé ọmọ Japan ní 2019 ni ọ̀nà tó là fún un láti di olùkọ́ nínú sumo, ó sì fi ẹgbẹ́ tó ń darí sumo sílẹ̀ ní 2025. Ṣùgbọ́n ta ni ilẹ̀kùn yẹn gbá lórí? Ọ̀gá òǹwòran kò wá ilé rí láyé rẹ̀, iléeṣẹ́ ló wá a fún un. Ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò kàn rí, ó ń kígbe pé wọn kò ṣí i. Ọgbẹ́ tó wà lórí ẹlòmíràn ló yá, tó fi ń bo ọ̀lẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò sì mọ olè tó burú ju ìyẹn lọ.

Wọ́n á ní kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi, owó rẹ̀ ló ń ná. Ì bá rí bẹ́ẹ̀ ká ní ó ń dákẹ́. Ọjọ́ tó bá padà sí London tàbí Sydney, òun ni ọ̀mọ̀ràn Japan, òun ni wọ́n ń pè sí ìpàdé, ohun tó rí lórí tìmùtìmù ló ń di ìmọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí ìbínú rẹ̀, ẹ pè é ní arìnrìn-àjò afẹ́. Nígbà tí ìlú Fujikawaguchiko ta aṣọ dúdú tó ga ní mítà 2.5 dí òkè Fuji lójú àwọn tó ń ya fọ́tò ní 2024, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ bíi tirẹ̀: àwọn èrò yẹn ti ba ìlú jẹ́, ó ní, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ èdè. Àjèjì tó lé ní mílíọ̀nù 3.7 ló ń gbé Japan ní ìparí ọdún yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá láti Ṣáínà, Vietnam, Korea, Philippines àti Nepal. Ní oṣù keje 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú Sanseito fi ìpolongo pé ọmọ Japan ló gbọ́dọ̀ ṣáájú gba ìjókòó 14 nínú ìdìbò ilé aṣòfin àgbà. Bí ẹ bá bi ọ̀gá òǹwòran bóyá ọkàn rẹ̀ kò sókè, á ní òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Òótọ́ ló sọ. Ọmọ Nepal tó ń gbowó nílé ìtajà ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀, tó ń fi èdè Japan kí i láràárọ̀ tí kì í dáhùn, òun ni wọ́n ń bá wí.