Ìyá Rísì Oní-Jik àti Lánlọ́ọ̀dù Ọlọ́ṣẹ Dúdú

(Ilé fésì-mi-n-fésì-ẹ kan ní Muṣin, lẹ́yìn ọjà Ojúwòyè. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé ń lò. Bí ẹ bá ti gbé nírú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ogun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá Rísì dúró sẹ́nu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ike Jik, bíliìṣì tó fi ń fọ ibẹ̀, ó fi gèlè di imú. Lánlọ́ọ̀dù jáde, ó ń wúkọ́.)

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ta ló fẹ́ pa mí nínú ilé tí mo fi owó ara mi kọ́? Òórùn yìí ti wọ yàrá mi, ó ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

ÌYÁ RÍSÌ: Ẹ káàárọ̀, sà. Òórùn ìmọ́tótó ni. Ẹ má bínú, ẹ̀yin àti òun ò tíì pàdé rí.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Jik! Jik! Jik! Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, tí wolé-wolé bá ń bọ̀, tó ń yẹ inú àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, ta ló dárúkọ Jik? Ọṣẹ dúdú ni, kànrìnkàn ni, eérú ni, ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ilé sì mọ́.

ÌYÁ RÍSÌ: Ṣé wolé-wolé tí ẹ sọ pé bàbá yín máa ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Fi bàbá mi sílẹ̀! Májèlé tó wà lọ́wọ́ rẹ là ń sọ.

ÌYÁ RÍSÌ: Májèlé kẹ̀? Lóṣù Keje 2014 tí Ebola wọ Èkó, tí wọ́n kó àwọn aláìsàn lọ sílé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá níbí, ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi fọ ibẹ̀? Omi kílóríìnì ni, sà! Ọmọ ìyá Jik. Nígbà tó fi di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Èmi náà dáàbò bo ara mi lọ́dún yẹn.

ÌYÁ RÍSÌ: Ṣé èèyàn lè gbàgbé? Ẹnì kan pè yín lóru pé kí ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mu díẹ̀ sí i. Ẹ jí gbogbo ilé, ẹ̀ ń kanlẹ̀kùn kiri bíi wéré. Iyọ̀ yẹn gbé àwọn mìíràn dé ilé ìwòsàn!

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Mo wà láàyè àbí n ò sí láàyè?

ÌYÁ RÍSÌ: Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé inú omi iyọ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe Jik. Iná mànàmáná ni wọ́n ń mú gba inú omi iyọ̀ kọjá tó fi ń yí padà. Ohun tó kù tí bọ́kẹ́ẹ̀tì yín ì bá fi di Jik lóru ọjọ́ yẹn ò ju NEPA lọ.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: NEPA? Ní Muṣin? O ò wá rí i pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ò fẹ́ kí n lo Jik! Jálàbíà mi ńkọ́? Mo ní kí o bá mi fọ jálàbíà funfun, o tì í bọ inú Jik, àfi bíi pé páànù tó dípẹtà ni mo gbé wọ̀ lọ kírun Jímọ̀.

ÌYÁ RÍSÌ: Ẹjọ́ omi borehole yín ni, sà. Irin wà nínú ẹ̀. Ẹ ò rí bó ṣe pọ́n lára bọ́kẹ́ẹ̀tì? Tí Jik bá bá irin pàdé nínú omi, ìpẹtà ló ń sọ ọ́ dà, ìpẹtà á wá lẹ̀ mọ́ aṣọ.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Kí lo wá fi yọ ọ́?

ÌYÁ RÍSÌ: (lábẹ́lẹ̀) Ọsàn wẹ́wẹ́.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Etí mi di.

ÌYÁ RÍSÌ: Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, mo sá a sóòrùn! Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ jáde wá gbọ́ o! Ọsàn wẹ́wẹ́! (Ó wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi ṣomi.) Kí ló ń ta mí nímú báyìí gan-an?

ÌYÁ RÍSÌ: Ìtọ̀ ni. Mo fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ tán, bàbá yàrá kẹta wọlé, kò da omi sí i. Èmi ò mọ̀, mo da Jik lé e. Jik àti ìtọ̀ kì í gbé pọ̀, èéfín tó ń fún èèyàn lọ́rùn ni wọ́n jọ ń bí. Mo ti wá da omi sí i báyìí, mo ti da Jik tuntun.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Dúró. O fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí o tó da Jik?

ÌYÁ RÍSÌ: Ṣebí ọṣẹ ló ń kó ìdọ̀tí. Kòkòrò àìsàn ni Jik ń pa. Tí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, òun ni yóò jẹ Jik tán kó tó kan kòkòrò.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ọṣẹ wo lo lò?

ÌYÁ RÍSÌ: Ọṣẹ ni ọṣẹ ń jẹ́.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ìyá Rísì.

ÌYÁ RÍSÌ: Ọṣẹ dúdú. Tiyín. Èyí tó wà nínú ike lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Olè! Ó dáa, dúró níbẹ̀. (Ó wọlé, ó gbé ìgò búlúù kan jáde.) Ọmọ mi ló ra èyí wá láti Sùúrùlérè. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú pé kò sí bíliìṣì nínú ẹ̀. Ohun jẹ́jẹ́.

ÌYÁ RÍSÌ: Ẹ yí i padà, ẹ ka ẹ̀yìn.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Awò mi wà nínú yàrá.

ÌYÁ RÍSÌ: Ásíìdì ni wọ́n kọ síbẹ̀, sà. Lóòótọ́, kò sí bíliìṣì nínú ẹ̀. Kò sí bíliìṣì nínú ọta ìbọn náà.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Kí ìjà lè parí, jẹ́ kí n da tèmi lé tìrẹ.

ÌYÁ RÍSÌ: (ó fò mọ́ ọn lọ́wọ́) Yéè! Ẹ gbé e sílẹ̀! Gáàsì tí yóò jáde níbẹ̀, òun ni àwọn Jámánì tú sójú ogun ní Ypres, ní Belgium, lóṣù Kẹrin 1915. Sójà ni àwọn tó kọlù, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dé géètì!

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Tó bá wá jẹ́ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fún sí i?

ÌYÁ RÍSÌ: Gáàsì kan náà. Ohunkóhun tó bá ti kan lẹ́nu, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ Jik.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo èyí?

ÌYÁ RÍSÌ: Rísì ni. Kẹ́mísírì ló ń kà ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka. Owó tí mo fi ń rán an níléèwé ni ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú owó ilé tẹ́ ẹ fi kún un.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: (ó di ikùn mú) Ká sọ ìyẹn nígbà míì. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

ÌYÁ RÍSÌ: Ẹ ò lè wọlé, sà. Jik kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní tútù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó ṣàn án dànù.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ẹ̀wà àgànyìn ni mo jẹ!

ÌYÁ RÍSÌ: Ẹ lọ sílé kejì.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Èmi àti lánlọ́ọ̀dù ibẹ̀ ń ṣẹjọ́ gọ́tà.

ÌYÁ RÍSÌ: Ẹ jókòó nígbà náà, ká jọ sọ̀rọ̀ owó ilé.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: N ò lè jókòó! Mo ti yọ owó tí mo fi kún un!

ÌYÁ RÍSÌ: Tọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Tọdún tó ń bọ̀ náà! Ṣílẹ̀kùn!

ÌYÁ RÍSÌ: Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.