Ẹyin Tí Kò Fọ́, Tí Kò sì Pa

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọba Dòsùnmú ti Èkó mọ ìtumọ̀ òwe yìí ju gbogbo wa lọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, bí ọkọ̀ ogun Prometheus ṣe ń fẹjú mọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó láti orí ọ̀sà, ó tọwọ́ bọ ìwé tó fi Èkó lé Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi ń ké pé ipá ni wọ́n fi mú òun. Ta ni yóò gbọ́? Ẹyin ti fọ́, Òyìnbó sì ti dín in jẹ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe yẹn kò gbé Ìkòyí ní Èkó. Ká ní wọ́n gbé ibẹ̀ ni, wọn ì bá mọ̀ pé ohùn mìíràn wà tí kì í balẹ̀, tí kì í fọ́, tí kì í sì í pa. Ńṣe ni wọ́n kàn ń sàba lé e. Ọjọ́ 21 ni adìẹ ilé fi ń sàba. Ìjọba Nàìjíríà ti ń sàba lé ẹyọ kan láti ọdún 1976.

Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún náà ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed kéde pé olú-ìlú yóò kúrò ní Èkó. Kí ó má baà dun ará Èkó jù, ó ní Èkó yóò di àgbègbè àkànṣe. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn sójà ọlọ̀tẹ̀ dá ọkọ̀ rẹ̀ lọ́nà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòyí, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ẹni tó yé ẹyin lọ, ẹyin kù.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991, Ọ̀gágun Babangida kẹ́rù ìjọba lọ sí Àbújá. Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí, níbi tí àwọn akọ̀wé ti ń gbé fáìlì gòkè sọ̀kalẹ̀, di ahoro. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ tà á fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó fẹ́ sọ ọ́ di fúláàtì. Ìpínlẹ̀ Èkó ní kò jọ ọ́, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́. Ní àdúgbò tí onílé ti ń fi dọ́là gbowó ilé, òjò àti ẹyẹ ń gbé nínú ilé gogoro lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2016, Sẹ́nétọ̀ Olúrẹ̀mí Tinúbú gbé àbá òfin ipò àkànṣe Èkó dé Sẹ́nétì, wọ́n dà á nù. Ọkọ rẹ̀ gorí àga ààrẹ ní 2023. Adìẹ ò tíì dìde.

Ẹ má wulẹ̀ di gbogbo rẹ̀ ru ìjọba. Bí ọdún bá ti ń kógbá sílé, gbogbo Ìkòyí ló ń yé. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ á di gíláàsì mú níbi àríyá òpin ọdún, á ní owó-oṣù yóò gbéra ní oṣù kìíní. Alága àdúgbò á ní iná kò ní í kú mọ́. Bọ̀ọ̀dá tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé á ṣèlérí físà fún ìbátan mẹ́ta lórí tábìlì kan ṣoṣo. Kí oṣù kìíní tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti wọ bàálù ní pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n fi Murtala sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, pásítọ̀ á ní gbogbo ìlérí tó ti pẹ́ ń bọ̀ wá ṣẹ, àmín ìjọ á sì dún dé Ọbáléndé. Láàárín òru, ọdún parí. Ọ̀rọ̀ ò parí.

Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó purọ́. Ẹyin òpùrọ́ á kúkú balẹ̀, á fọ́, a ó gbóòórùn rẹ̀, a ó sì mọ ẹni tí a ó bú. Ta ni yóò bú ẹni tó ń sàba? Bí o bá bi í, á ní ó kù díẹ̀, kí o rọra, kí o má baà yọ adìẹ lẹ́nu. Ẹni tó sọ pé òun ò ní í ṣe é ṣàánú rẹ jù ú lọ, torí ìwọ náà á lè wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Nítorí náà, bí ọ̀gá kan bá ti wí fún mi pé ó di ọdún tuntun, mo máa ń béèrè pé èwo nínú wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní mo fẹ́ràn àwàdà jù, wọ́n á sì ní kí agbáwo bu ẹran kún àwo mi. Ẹran yẹn kì í pẹ́ dé.