Ọmọ Ìdànrè Gun Òkè Òyìnbó

Bí ẹ bá ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́ ní London, ẹ ó ti mọ ìbéèrè àárọ̀ Mọ́ńdè. Wọn ò ní bi yín bóyá ẹ jí ire, wọn ò ní béèrè ará ilé. Ibi tí ẹ lọ lópin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Tó bá wá di ìgbà ìwọ́wé, láti ìparí oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kọkànlá, tí ewé igi ń pọ́n, tí wọ́n ń rẹ̀ dànù sójú títì, ọ̀rọ̀ náà á tún gbóná sí i. Ọ̀kan á ní òun àti ọkọ òun lọ rìn nínú igbó. Èkejì á ní àwọn lọ wá olú. Ẹ̀kẹta gun òkè. Kí ni wọ́n lọ ṣe níbẹ̀? Wọn ò lóko níbẹ̀, wọn ò dẹ pàkúté, wọn ò ṣẹ́gi. Wọ́n kàn lọ ni, wọ́n sì padà wálé, inú wọn á sì máa dùn.

Ní tèmi, òde ìnáwó ni mo máa ń lọ: ìsọmọlórúkọ ní Thamesmead, ìgbéyàwó ní Dagenham, ọjọ́ ìbí àgbàlagbà ní Peckham. Eré ìdárayá tí mo mọ̀ ni kí n jó lọ síwájú olórin, kí n jó padà sídìí tábìlì, kí n jókòó ti ẹran.

Nọ́ọ̀sì ló ba nǹkan jẹ́. Ní England, ẹni tó bá wà láàrin 40 sí 74 ọdún, tí kò ní àìsàn kan tí wọ́n ti ń tọ́jú, NHS máa ń pè é wá fún àyẹ̀wò ara lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Wọ́n gbé mi sórí ìwọ̀n, wọ́n fi nǹkan fún mi lápá, wọ́n gún mi níka. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọbìnrin tí mo lè bí, wo ìwé, ó wo ikùn mi, ó tún wo ìwé. Ó ní kí n máa rìn. Mo ní mò ń rìn, láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ìdí mọ́tò mi. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo délé, mo kéde fún ìyàwó mi pé láti Sátidé tó ń bọ̀ lọ, a ti di ará ìta gbangba. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ta ni 'a' yẹn?"

Richmond Park ni mo ti kọ́kọ́ tẹ́. Ọba Charles Kìíní ló fi odi yí ibẹ̀ ká ní 1637 kó lè máa rí ẹran dẹ, àgbọ̀nrín tó wà níbẹ̀ títí dòní sì lé ní 600. Mo kó àwọn ìbejì lẹ́yìn pé kí wọ́n wá wo ẹran ìgbẹ́ láàyè, torí inú ọbẹ̀ nìkan ni bàbá wọn ti ń rí i nígbà èwe. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni akọ àgbọ̀nrín máa ń wá abo kiri, tí wọ́n ń bú ramúramù, tí wọ́n ń kan ara wọn. Àkọlé wà níbẹ̀ o: ẹ fi àlàfo 50 mítà sílẹ̀, ó kéré tán. Mo kà á. Mo sì gbà pé àwọn tí kò jẹ ẹran ìgbẹ́ rí ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Mo yọ fóònù, mo kẹ̀yìn sí akọ kan tí ìwo rẹ̀ yọ ẹ̀ka lọ́tùn-ún lósì, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú fóònù yẹn ni mo ti rí i pé ẹran náà ń bọ̀. Àwòrán ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ Táíwò: apá kan etí mi, ojú ọ̀run, àti fìlà mi lófuurufú. Ká sọ tòótọ́, ẹran náà ò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ tó fi yà síbi abo rẹ̀. Èmi ni mo sá dé ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí.

Ti èso igi ló tẹ̀lé e. Nínú oṣù kẹwàá, èso kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú máa ń já bọ́ lẹ́bàá ọ̀nà ládùúgbò wa, á máa dán gbinrin, á kún àtẹ́lẹwọ́. Mo ti rí ọkùnrin kan létí odò Thames tó ń yan irú rẹ̀ tà, iye tó ń gbà lórí àpò bébà kékeré kan tó owó iṣu. Mo ní, kí ni mo máa fowó ra ohun tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe? Mo ṣa á kún láílọ́ọ̀nù. Àwọn ìyá òyìnbó tó ń mú ọmọ wọn bọ̀ láti ilé ìwé ń wò mí, mo rò pé wọ́n ń jowú ni.

Igi méjì ló ń jẹ́ chestnut lẹ́nu òyìnbó. Sweet chestnut ni wọ́n ń yan jẹ: ẹ̀gún èèpo rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó dí débi pé ọwọ́ lásán ò ṣeé fi mú un, èso inú rẹ̀ sì ní ṣóńṣó lórí. Horse chestnut ni èyí tí mo ṣa: ẹ̀gún èèpo rẹ̀ kúkúrú, ó jìnnà síra, èso rẹ̀ rí róbótó. Conker ni àwọn ọmọdé ń pè é. Wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á ki okùn bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fi na ti ẹlẹgbẹ́ wọn títí ọ̀kan á fi fọ́. Ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́, torí májèlé wà nínú rẹ̀. Gbogbo èyí ni Kẹ́hìndé kà sí mi létí láti orí Google, lẹ́yìn tí mo ti fi ọ̀bẹ la ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo yan wọ́n, tí mo bu iyọ̀ wọ́n wọn, tí mo sì ti sọ ọ̀kan sẹ́nu.

Ó korò ju ewúro tí wọn ò fọ̀ lọ. Mo tu ú sínú síǹkì, mo ṣan ẹnu, ìkorò náà jókòó sídìí ahọ́n mi kò lọ. Ẹ̀rù bà mí, mo pe 111, nọ́ńbà tí NHS fi ń gba ará ìlú nímọ̀ràn lórí àìlera. Obìnrin tó gbé e fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ tó jẹ conker. Mo dákẹ́. Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọmọ náà ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, mà."

Kò yẹ kí n tún kúrò nílé lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan dárúkọ Box Hill níbi iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ Ìdànrè sì gbóná nínú mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé orí àpáta ni àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó sí, ayé òyìnbó ni wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀? Àtẹ̀gùn tí ènìyàn máa gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ lókè lé ní 600, bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, sísá ni mo máa ń sá gùn ún. Box Hill tó wà ní Surrey ńkọ́? 224 mítà. Wọ́n tún sọ fún mi pé àwọn ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ gùn ún yí po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án níbi Òlíḿpíìkì 2012. Mo ní bóyá ìgbà kan péré ni kò yó wọn.

Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni mo mú, èmi àti àbúrò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Òru ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa ń dá aago padà sẹ́yìn pẹ̀lú wákàtí kan ní gbogbo ilẹ̀ Britain. Mo mọ̀, inú mi sì dùn pé mo jèrè oorun. N kò bi ara mi léèrè ibi tí wọ́n ti yọ wákàtí náà. Ìsìn pẹ́, a lọ kí pásítọ̀, a kó jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo. Bàtà ìsìn ló wà lẹ́sẹ̀ mi, aláwọ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán. Àbúrò mi wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàtà yìí náà ni?" Mo ní nítorí òkè 224 mítà, ta ló ń pààrọ̀ bàtà?

Kí ènìyàn tó dé ìdí òkè yẹn, odò kan wà tó ń jẹ́ Mole. Òkúta 17 ni wọ́n tò sínú rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ dá a kọjá. Wọ́n ba àwọn ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì nítorí ìbẹ̀rù pé ọ̀tá lè gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí wọ́n tún un tò, Attlee tó jẹ́ olórí ìjọba ló wá ṣí i ní 1946. Afárá wà nítòsí fún ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà. Àbúrò mi ní ká gba orí afárá. Mo ní afárá wà fún aláìsàn, mo ru kúlà sórí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdìkejì kí bàtà ìsìn tó jẹ́wọ́. Ó di dandan kí nǹkan kan wọ odò, ẹsẹ̀ mi tàbí oúnjẹ. Mo ki ẹsẹ̀ òsì bọ odò dé orúnkún. Kúlà ò mì.

Àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Igi ni wọ́n fi dá etí rẹ̀, ilẹ̀ ló wà láàrin, ilẹ̀ náà kì í sì í ṣe ilẹ̀ lásán: ẹfun ló pọ̀ jù nínú òkè yẹn. Ẹfun tí òjò rọ̀ sí, tí ewé bò lórí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bàtà aláwọ tẹ̀ ẹ́. Mo ń gùn ún, mo ń yọ̀. N kò tíì lọ jìnnà tí mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọkàn mi ń lù kìkì. Mo jókòó, mo ní mo fẹ́ wo ojú ọ̀run. Ìyá arúgbó òyìnbó kan fi ọ̀pá méjì ta kọ́ṣọ́kọ́ṣọ́ kọjá lára wa, ó ní ó kù díẹ̀. Mo dìde, mo tún jókòó. Mo tún dìde. Nígbà tí mo máa rí ìyá yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ó ti dé òkè, ó ti simi, ó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Ó tún ní ó kù díẹ̀.

A débẹ̀ ṣá. Mo jókòó síbi òkúta tí wọ́n fi ń rántí Leopold Salomons, ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra òkè náà ní 1914 tó fi ta ará ìlú lọ́rẹ. Ìlú Dorking tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, igi ti pọ́n, òmíràn ti dà bàbà, mo sì gbà láàrin ara mi pé òyìnbó ò ya wèrè tó bí mo ṣe rò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Jọ̀lọ́ọ̀fù tutù, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi ló rí òkúta kejì nínú igbó. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Peter Labilliere ni wọ́n sin síbẹ̀ ní 1800, wọ́n sì dorí rẹ̀ kodò sínú ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú: ó ní ayé ti dojú dé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì yí i padà, òun nìkan ló máa wà lórí ìdúró. Nílé wa, ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, mọ̀lẹ́bí á ti gbé e lọ sí orí òkè àdúrà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀gágun yìí títí omi fi bọ́ lójú mi. N kò mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí èmi náà ṣe bíi tirẹ̀.

Nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú. Wákàtí tí mo sùn láàárọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá gbà á. Igi box tó fún òkè náà lórúkọ àti igi yew kì í wọ́wé, inú wọn ti dúdú kí ìta tó dúdú. Fóònù mi ti kú, fọ́tò ló pa á. Ti àbúrò mi ń tanná díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ níwájú, ó ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra!" Mo rọra. Bàtà ò rọra. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan, mo fi ìdí gba àtẹ̀gùn kan, mo fi gba èkejì, mo yí, orí mi wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi wà lókè. Kúlà kọjá lára mi, ó ń lù gbàgà gbàgà lọ sísàlẹ̀, ìdérí rẹ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀.

Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ nǹkan tó ń gbóòórùn ojú mi. Ajá ni. Ó lá mi lójú, ó wo yíká, ó rí mọ́ínmọ́ín tó kù, ó fi mí sílẹ̀. Tọkọtaya kan tó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí sáré dé, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú nítorí oúnjẹ mi. Mo ní ajá lè máa jẹ ẹ́ lọ, kí àwọn ṣáà má pa iná. Wọ́n tanná sin wá délẹ̀. Orí afárá la gbà.

Orúnkún mi ò dárí jì mí bọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn ilé, ìyàwó mi ń fi Aboniki ra mí lálaalẹ́, débi pé ẹni tó bá jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì á dìde lọ wá àyè míì. Kò bínú sí mi o. Ohun tó kàn sọ ni pé òun gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn, òun ò gbọ́ pé ó ní kí n máa yí.

Màá tún lọ. Mo ti ra bùútù tó ní eyín nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bá mi lọ, ẹ wá tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ má kó kúlà, ẹ sì jẹ́ ká kúrò nílé láàárọ̀ kùtùkùtù: bí wọ́n bá ti dá aago padà lóṣù kẹwàá, oòrùn ti ń wọ̀ ní ilẹ̀ yìí kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù.