Bí Ẹnu Mi Ṣe Tì Mí Sí Agbami Òkun

Àwọn àgbà tí wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmẹ́tè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, èmi ni wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kú tipẹ́ kí ìyá mi tó lóyún mi. Nítorí pé bí kì í bá ṣe ti ẹnu, kí ni ọmọ Ìṣẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹdí, ẹni tí àwọn baba rẹ̀ ń hun aṣọ òfì lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí omi tí wọ́n sì mọ̀ kò ju odò Ògùn lọ, ìbá máa wá kiri nínú òkun Pàsífíìkì ní òru dúdú, níbi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ti jìn sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ju 1,000 mítà lọ?

Erékùṣù Hawaii ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ẹ̀bá Kona, níbi tí èmi àti ìyàwó mi ti lọ sinmi láti ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Òkè oníná ni ó ti ìsàlẹ̀ òkun gbé erékùṣù náà yọ, ìdí òkè náà sì ṣe gẹ̀rẹ́ wọ inú omi tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kì í pẹ́ kúrò ní èbúté kí ó tó bọ́ sórí ibú. Ìdí nìyí tí àwọn òmòòkùn fi ń rọ́ lọ síbẹ̀ lóru. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àìmọye ẹ̀dá wínníwínní tí wọ́n ti fara pa mọ́ sísàlẹ̀ ní ojúmọmọ a máa gòkè wá jẹun nítòsí ojú omi, wọn a sì padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lálaalẹ́ ní gbogbo òkun àgbáyé, kò sì sí agbo ẹran kan tí ń ṣí kiri lórí ilẹ̀ tí ó pọ̀ tó wọn. Nígbà ogun Hitler, àwọn onímọ̀ tí ń fi ìró wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi rí ohun kan tí wọ́n ṣe bí ilẹ̀ òkun ni, àfi pé ilẹ̀ náà ń gòkè lálẹ́, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ni, tí wọ́n pọ̀ débi pé ìró kọlù wọ́n, ó padà.

Nígbà tí ọmọbìnrin tí yóò ṣe atọ́nà wa bi mí bí mo bá ti mòòkùn lóru rí, mo fọwọ́ sọ̀yà, mo ní iye ìgbà rẹ̀ kò ṣeé kà. Ẹ má pè mí ní òpùrọ́: ohun tí kò sí, ta ni ó lè kà á? Ìwé ẹ̀rí mi wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀sán ni mo fi gbà á, nínú adágún tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, “Bàbá Táyé, ẹ rọra o, òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.” Mo dá a lóhùn pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ni mo bá jókòó ti oúnjẹ ibẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní long rice, tí kì í ṣe ìrẹsì rárá, nítorí irú ẹ̀wà kan ni wọ́n fi ń ṣe é, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mọ́ gaara débi pé mo ń rí ìdí abọ́ láàárín rẹ̀. Wọ́n sè é mọ́ adìẹ. Mo jẹ abọ́ kan, mo fi èkejì tì í.

Nínú ọkọ̀, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ nígbà tí atọ́nà ń ṣàlàyé. Mo wọ aṣọ rọ́bà ní ìdojúdé, síìpù ẹ̀yìn bọ́ sí mi láyà, àwọn géńdé méjì ni wọ́n sì fà á bọ́ lára mi. Wọ́n bi mí pé òjé mélòó ni yóò tó láti rì mí. Mo ní kí wọ́n má ṣahun. Bí mo ti fò sómi báyìí, ńṣe ni mo já lọ sísàlẹ̀ ṣòòròṣò títí okùn tí wọ́n fi so mí mọ́ ọkọ̀ fi gbà mí ní nǹkan bí mítà 15, mo sì rọ̀ dirodiro níbẹ̀ bí ẹran tí alápatà fi kọ́.

Ìyà ńlá wá dé. Ohun èlò tí a fi ń mí lábẹ́ omi, tí Cousteau àti Gagnan, àwọn ará Faransé, ṣe ní 1943, eyín ni a fi ń gé e mú. Ọkùnrin tí kò ní agbára mìíràn ju ẹnu lọ ni wọ́n wá dí lẹ́nu yìí! Mo fẹ́ ka Sáàmù, ó di hóó. Díákónì ni mí o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pọ̀. Mo fẹ́ ki Olókun Ṣẹ̀níadé, ọba alagbalúgbú omi, òun náà di hóó. Atọ́nà wẹ̀ wá, ó fi ìka ṣe òrùka, èyí tí í ṣe “Ṣé dáadáa ni?” Mo na àtàǹpàkò sókè, pé dáadáa ni. Àṣé lábẹ́ omi, àtàǹpàkò nínà sókè, “Ẹ gbé mi gòkè” ni! Ó gbé mi gòkè. A tún wálẹ̀, ó tún bi mí, mo tún nà án, a tún gòkè. Nígbà tí ó tún kàn, kí n tó ronú rárá, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká àtàǹpàkò mi mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ojú mi tó là. Ọmọ ẹja kan kọjá tí gbogbo ara rẹ̀ mọ́ gaara àfi ojú. Òmíràn wà, ìbátan edé, oníwà ìkà, tí í pa ẹ̀dá rọ̀gbọ̀dọ̀ kan tí ara rẹ̀ dà bí àgbá, tí í jẹ inú rẹ̀, tí í sì sọ awọ rẹ̀ di ilé tí yóò tọ́ ọmọ sí. Mo na tọ́ọ̀ṣì sí i, mo sún mọ́ ọn, mo sì fi ètè gbá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń léfòó, láìmọ̀ pé ẹ̀dá abẹ̀mí ni, àti pé ó ń ta. Ó ta mí lẹ́nu! Bí mo ti ń jàrá, ìgbì ń fa ọkọ̀, ọkọ̀ ń fa okùn, okùn ń fa ikùn mi, abọ́ méjèèjì sì dìde. Wọ́n ti kọ́ wa pé bí èébì bá dé, kí a má yọ nǹkan náà lẹ́nu, kí a bì í gba inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí mo rántí lóru ọjọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí gbogbo wa padà sínú ọkọ̀, bàbá aláwọ̀ funfun kan tí ó gbé kámẹ́rà wálẹ̀ pariwo pé kí a wá wò. Ohun kan wà nínú àwòrán rẹ̀, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ gaara, ó ká kọ́rọ́kọ́rọ́, kò lójú, kò lẹ́nu. Ẹnì kan ní ọmọ ejò omi ni. Òmíràn ní rárá, ìdílé èyí tí ó ta mí lẹ́nu ni. Atọ́nà wò ó títí, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ni bàbá náà bá yíjú sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní èmi tí mo ti mòòkùn lóru láìlónkà, ǹjẹ́ mo ti rí i rí? Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Mo gbé ètè mi tí ó ti wú sókè, mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo sì kí i kú oríire.