Mo Fi Iná Pe Ijó, Èsúnsún Ló Jẹ́

Ọmọ Ìsẹ́yìn tó bá ní òun gbàgbé aṣọ, ẹ bá mi bi í pé kí ló wá rántí. Èmi gan-an nìyẹn. Ìdí òfì ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo mọ etù, sányán àti àlàárì kí n tó mọ A, B, D. Síbẹ̀, nígbà tí àdúgbò wa ní kí n fi iná aláràbarà ṣe ijó àwọn ọmọbìnrin oníbàtá lọ́ṣọ̀ọ́, iná nìkan ni mo rò. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí wọ́n máa wọ̀.

Ìwé ló kó sí mi lórí. Mo ti kà nípa Loie Fuller, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ gba ìlú Paris kan ní 1892, ní gbọ̀ngàn Folies Bergère. Bó ti ń jó ni wọ́n ń tan iná oríṣiríṣi àwọ̀ sí i. Á di òdòdó, á di labalábá, á di ọwọ́ iná. Mo ní èmi náà á dá irú ẹ̀ ní Òkè-Ògùn. Mo yá pírójẹ́kítọ̀, mo ra iná halogen, mo wé ọ̀rá aláwọ̀ ewé mọ́ ọ̀kan. Mo wá fídíò iná tó ń jó lala, torí ìlù Ṣàngó ni bàtá. Iná ló yẹ ẹ́.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ètò bẹ̀rẹ̀, ní ìta gbangba. Inú yàrá ni mo ti dán an wò, mo sì fi aṣọ dí fèrèsé. Ìta ò ní fèrèsé. Lumen 3,000 ni pírójẹ́kítọ̀ mi ń mú jáde. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, 250 péré ló máa kan mítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóròó. Oòrùn ọ̀sán gangan lè da 100,000 síbẹ̀. Bó tilẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Bàbá alága wo aṣọ funfun náà títí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò.

“Ọmọ mi, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?”

“Ó ti fẹ́ parí, Bàbá.”

Wọ́n ní ká dúró kí ilẹ̀ ṣú. Ilẹ̀ ṣú, ìyá ìlù dún, àwọn ọmọ jáde: àwọn kan nínú etù, àwọn kan nínú àlàárì. Mo tan fídíò sí wọn lára. Etù tí wọ́n ti rẹ sínú aró títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú gbé iná Ṣàngó mì, kò tilẹ̀ gbin. Mo sáré tan iná aláwọ̀ ewé. Àwọ̀ pupa nìkan ni àlàárì ń dá padà sójú wa, iná ewé ò sì ní pupa tó máa fún un. Ni àlàárì bá dúdú kirikiri. Ìyá kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Ta ló da èédú sí ọmọ mi lára?” Kí n tó wí nǹkan kan, ooru ti yọ́ ọ̀rá náà, òórùn gba ojú agbo. Àlàárì padà di pupa, ìyá náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Fídíò mi tún ní ìgbà tí iná gbọ́dọ̀ bú gbàù. Ta ló sọ fún onílù? Ẹsẹ̀ oníjó ni onílù ń wò, ìlù sì ni oníjó ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń wo aago. Nígbà tí ọmọ náà fò sókè, iná mi ṣì ń rú èéfín. Nígbà tó jókòó tó ń mu omi, iná bú gbàù mọ́ ọn lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń hun aṣọ ló fà mí létí. “Ojúkojú lo tan iná sí wọn bí ọlọ́pàá tó ń wá olè. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Kí o sì pe àwọn tó wọ sányán jáde.”

Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Apá kan ara wọn bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀, apá kejì wà lókùnkùn. Bí èjìká bá gbọ̀n, gbogbo ènìyàn ń rí i. Sányán ò dúdú, ó gba iná dáadáa, fọ́nrán ṣáìn-ṣáìn tí wọ́n hun mọ́ ọn sì ń kọ mànà bí wọ́n ti ń yí. Sẹ́dà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni Fuller náà wọ̀, ó fi ọ̀pá gbé apá rẹ̀ kí aṣọ lè fẹ̀ lójú iná. Ibi tí ìwé ti sọ̀rọ̀ aṣọ ni mo ṣí kọjá. Eégún aláṣọ tó ń yí bìrí lójú oòrùn ò sì yá jẹnẹrétọ̀ rí.

Àwọn ènìyàn hó yèè, owó ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ayọ̀ mi ò pẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ láàárọ̀; èsúnsún jáde nílẹ̀, ó dojú kọ iná mi. Ẹnì kan ké pé, “Èsúnsún o!” Òǹwòran dìde, abọ́ omi ń jáde láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń tò ó sábẹ́ iná kí kòkòrò lè máa já sí i. Oníjó ká ìró sókè, òun náà ń ṣà. Ìyá eléèédú ló gbé ọpọ́n tó tóbi jù. Onílù ò dákẹ́. Àwọn tó ń ṣa èsúnsún ló kù tó ń lùlù fún.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá alága ránṣẹ́ pè mí. Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu, ó ní òun fẹ́ háyà iná mi.

“Fún ijó wo, Bàbá?”

“Ta ló ń sọ ti ijó? Òjò tún ti ṣú.”

Mo gba àsansílẹ̀. Mo ní kí wọ́n má gbàgbé owó epo.