Ọmọ Ọ̀dọ̀ Tó Rí Orí Ẹṣin Lójú Ọ̀run

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ n tú ọ̀rọ̀ yìí jáde kó tó wú mi níkùn. Ṣé ẹ mọ àwòrán orí ẹṣin yẹn, tó dúró dúdú kirimú sínú ìkùukùu pupa, tí àwọn ọmọ ìwòyí ń gbé kiri orí fóònù? Ojú ọ̀run ni wọ́n ti yà á o, lábẹ́ ọ̀kan nínú ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra láàárín agbo ìràwọ̀ tó ń jẹ́ Òríónì. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i, ọmọ ọ̀dọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbálẹ̀!

Williamina Fleming lorúkọ ẹ̀, ará Dundee ní Skọ́tílándì. Òun àti ọkọ ẹ̀ ló jọ dé Boston ní 1878. Kí lọkọ wá ṣe? Oyún ṣì wà nínú aya, bàbá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ má wo ọ̀ọ́kán o, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Ni Fleming bá gbaṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé Edward Pickering, ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ ní Harvard. Nígbà tó bímọ, Edward Pickering Fleming ló sọ ọ́. Ẹ má tíì pariwo! Èmi náà ti wò ó síwá sẹ́yìn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó gbani síṣẹ́ nígbà tí ọkọ sá, ó tó ẹni tí à ń fi orúkọ ẹ̀ sọmọ.

Wọ́n ní inú bí Pickering sí àwọn ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló ní ọmọ ọ̀dọ̀ òun gan-an á ṣe é jù wọ́n lọ. Ohun tó dájú ni pé ní 1881, Fleming ti ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ti jókòó ti àwo dígí.

Orí àwo dígí tí wọ́n fi oògùn ra ni wọ́n ń ya ojú ọ̀run sí nígbà náà. Wọ́n á ṣí kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ̀rọ á máa yí i tẹ̀lé ìràwọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ayé wa yìí kì í dúró sójú kan. Bí kò bá tẹ̀lé e, ìràwọ̀ á fà gbọọrọ. Lóṣù Kejì 1888, àbúrò Pickering ṣí i sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 90. Àwòrán yẹn ni Fleming tẹjú mọ́ tó fi rí ibi tó wọnú nínú ìkùukùu náà, ẹṣin wa nìyẹn. Kò sí pupa níbẹ̀, kò sí búlúù. Ìràwọ̀ gan-an, dúdú ló ń hàn lórí dígí, ojú ọ̀run ló funfun!

Pupa tí ẹ̀ ń rí lónìí, haidirójìn ni. Ẹṣin fúnra ẹ̀, eruku tó dínà ìmọ́lẹ̀ ni. Ojú tiwa kì í mọ àwọ̀ yà lókùnkùn, kámẹ́rà ló ń bá wa kó ìmọ́lẹ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí wọ́n tó fi kọ̀ǹpútà to àwòrán lé àwòrán. Àwọn kan tún wà tó ń kun tiwọn bí ojú ìyàwó ọjọ́ Sátidé. Nínú àwọn àwòrán ojú ọ̀run kan tó lókìkí, tí awò ńlá tó ń jẹ́ Hubble yà, súfọ̀ di pupa, ọ́síjìn di búlúù, haidirójìn tó pupa látọ̀runwá di àwọ̀ ewé! Wọ́n ní kí wọ́n lè mọ gáàsì kan yàtọ̀ sí èkejì ni. Mo ti gbọ́.

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹṣin. Ní 1895, onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Dreyer kó àwọn ìkùukùu ojú ọ̀run jọ sínú ìwé. Nígbà tó kan èyí tí Fleming rí, "Pickering" ló kọ síbẹ̀. Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ìgbà tí ìwé tó tẹ̀lé e jáde ní 1908 ni Fleming àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Harvard tó rí orúkọ ara wọn lára ohun mìíràn tí wọ́n rí.

Ti orúkọ tiẹ̀ kéré. Ní 1900, 1,500 dọ́là lọ́dún ni wọ́n ń san fún un, àwọn ọkùnrin kan ń gba 2,500. Ó gbé ẹjọ́ lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ní owó tó ń gbà dára púpọ̀, fún obìnrin. Obìnrin tó ń dá gbọ́ bùkátà ilé, tó tún ń dá rán ọmọ lọ sí MIT! Ọmọ ọ̀hún tó ń jẹ́ Pickering, ẹ gbà mí o!